Ilé Orozo àti Ẹjọ́ Àtijọ́: Bí Ogún Ṣe Lè Tún Ẹbí Tó Ti Tú Ká So Pọ̀

Ọ̀rọ̀ ilé ni mo gbé wá lónìí, ọ̀rọ̀ ilé náà sì pé méjì: ilé tí àwọn bàbá wa fi búlọ́ọ̀kù kọ́ sí Orozo, àti ilé tí wọ́n fi ọmọ kọ́, tí apá kan rẹ̀ kì í bá apá kejì sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí àwọn bàbá wa ti wá. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1975, ìjọba Murtala Muhammed gbé ìgbìmọ̀ kan dìde pé kí wọ́n wá ibi tí olú-ìlú tuntun yóò wà. Adájọ́ Akínọlá Agúda, ọmọ Yorùbá bíi tiwa, ni alága ìgbìmọ̀ náà. Ní ọjọ́ kẹta oṣù Kejì ọdún 1976, òfin dá Agbègbè Olú-Ìlú Àbújá sílẹ̀, ó sì fi gbogbo ilẹ̀ ibẹ̀ sí ìkáwọ́ ìjọba àpapọ̀. Ilẹ̀ náà kò ṣófo o. Gbagyi wà níbẹ̀, Gwandara wà níbẹ̀, Koro àti àwọn ẹ̀yà mìíràn wà níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó mọ ọ̀nà, ó sì yẹ kí àlejò tó bá ń sọ̀rọ̀ ogún lórí ilẹ̀ wọn kọ́kọ́ rántí wọn. Nígbà tí ìjọba kó kúrò ní Èkó ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 1991, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tẹ̀lé e. Owó ilé Garki àti Wuse ga ju ohun tí akọ̀wé ìjọba lè san lọ, ni wọ́n bá gba ọ̀nà Nyanya jáde: Karu, Jikwoyi, Kurudu, Orozo, títí dé Karshi. Bàbá ra ilẹ̀ ní Orozo nígbà tí igbó ṣì pọ̀. Ó kọ́ yàrá méjì, ó kó wọ inú rẹ̀ láìtíì rẹ́ ògiri, ó sì fi ìyókù sílẹ̀ títí owó ìfẹ̀yìntì fi dé.

Àwọn bàbá wọ̀nyẹn ti ń lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan báyìí. Àwọn ọmọ tí wọ́n fi sílẹ̀ tú ká: òmíràn wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, òmíràn ní Ìlọrin, òmíràn ní Èkó, òmíràn ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹnìkan sì wà nínú yàrá tó kángun sí géètì ní Orozo níbí. Nígbà tí bàbá wà láyé, ó ṣeé ṣe kí wọ́n lo ọdún mẹ́wàá láì fojú kan ara wọn, kí ẹnikẹ́ni má sì bi wọ́n. Ọjọ́ tí bàbá bá kú ni ilé Orozo yóò pe gbogbo wọn jọ, wọn ì báà fẹ́, wọn ì báà kọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń bẹ̀rù ìpè yẹn, nítorí wọ́n ti rí ẹbí tó lọ pín ogún tó sì mú àdá bọ̀. Ohun tí mo wá sọ fún yín ni pé ìpè yẹn kan náà ni àyè tó dára jù tí ẹbí tó ti fọ́ lè rí láti tún ara rẹ̀ ṣe, bí a bá lè gbọ́ ẹjọ́ àtijọ́ tán kí ẹnikẹ́ni tó pe àwọn tó ń wọn ilẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tó ń dá ẹbí sí méjì gan-an. Ìjà lórí ilẹ̀ ni a máa ń gbọ́ nílé ẹjọ́, torí ilẹ̀ ni adájọ́ lè pín. Àmọ́ bí ẹ bá jókòó ti àwọn tó ń jà, tí ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ dé ìsàlẹ̀ ikùn, ẹ ó gbọ́ nǹkan mìíràn. Ẹnìkan yóò ní ọdún tí òun fẹ́ ṣe ìdánwò WAEC, bàbá ní kò sí owó, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ìyá kejì wà ní ilé-ìwé aládàáni. Ẹnìkan yóò ní wọ́n lé ìyá òun jáde lóru. Òmíràn yóò ní nígbà tí wọ́n tẹ ìwé ìsìnkú, orúkọ òun kò sí lára àwọn ọmọ. Òmíràn yóò ní ọdún mẹ́ta ni bàbá fi ṣàìsàn tí òun nìkan ń gbé e lọ gbé e bọ̀, tí àwọn tó wá pín ogún lónìí kò fi káàdì ìpè kan bi í pé báwo lara. Mítà ilẹ̀ mélòó ni yóò tó láti fi san ìyẹn?

Ọ̀rọ̀ náà sì tún jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ibi tí mo ń lọ. Níbo ni akọ̀wé ìjọba ti rí owó kọ́ ilé yàrá mẹ́jọ? Owó oṣù kan ṣoṣo ni ó ń gbà. Owó tí kò dé ọ̀dọ̀ ìyàwó àti ọmọ lóṣù náà ni ó di àpò síméńtì ní Orozo. Owó ìdánwò tí wọ́n ní kò sí, inú òrùlé ni ó wà. Ẹ̀wù ọdún tí ìyàwó kò rí rà, ó wà lára géètì. Nítorí náà, nígbà tí ọmọ tí wọn kò rán níléèwé bá dúró níwájú ilé yẹn tó sì ń bínú, ó ní ìdí: owó ilé-ìwé rẹ̀ ni ó ń wò. Ohun tí wọ́n sì fi dùn ún náà ni wọ́n fẹ́ pín fún un báyìí. Bí a bá gbé ìpín lé e lọ́wọ́ láì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, yóò gbà á bí ẹni gba owó ìtanràn, yóò sì máa bínú lọ. Bí a bá kọ́kọ́ sọ ọ́ lójú gbogbo ẹbí pé ìwọ ni o san owó apá kan ilé yìí, o kò mọ̀, a kò sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ, ìpín yẹn yí padà lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn baba ńlá wa mọ̀ pé ogún gbẹgẹ́, wọ́n sì fi ọ̀nà méjì sílẹ̀. Ìdí-igi ni àkọ́kọ́: iye ìyàwó tó bímọ ni a ó pín ogún sí. Orí-ò-jorí ni èkejì: iye ọmọ ni a ó pín in sí, ọgbọọgba. Ẹjọ́ kan wà tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ òfin ní Nàìjíríà mọ̀, Dawodu àti Danmole. Sùbérù Dáwódù kú ní Èkó ní ọdún 1940, kò kọ ìwé ìhágún. Ìyàwó mẹ́rin, ọmọ mẹ́sàn-án ni ó fi sílẹ̀. Adájọ́ Jíbówú tó kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ náà ní kí wọ́n pín in ní orí-ò-jorí. Ní ọdún 1958, ilé-ẹjọ́ gíga jùlọ ti ìjọba àpapọ̀ yí ìdájọ́ yẹn dà sí ìdí-igi. Wọ́n gbé e dé Lọ́ńdọ̀nù, níwájú Privy Council tó jẹ́ ilé-ẹjọ́ ìkẹyìn nígbà náà, àwọn yẹn sì fọwọ́ sí ìdí-igi ní ọdún 1962. Bàbá ti lo ọdún méjìlélógún nínú ilẹ̀ kí àwọn ọmọ rẹ̀ tó mọ bí wọn yóò ṣe pín ohun tó fi sílẹ̀.

Ẹ wo ohun tí ìdí-igi lè ṣe. Ká ní ìyàwó mẹ́rin ni, ìyá kan bí ọmọ kan, ìyá kejì bí mẹ́rin. Ọmọ kan ṣoṣo yẹn yóò gba ìdá kan nínú mẹ́rin ogún. Ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ọmọ mẹ́rin ìyá kejì yóò gba ìdá kan nínú mẹ́rìndínlógún. Bí àárín wọn bá ti gún tẹ́lẹ̀, wọn yóò gbà á bí àṣà. Bí àárín wọn kò bá gún, ìṣirò yẹn nìkan tó láti tún dá ogun sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn apá kan nínú ìdájọ́ Privy Council tí a kì í sábà tẹnu mọ́: wọ́n gbà pé ìdí-igi ni àṣà, wọ́n sì tún gbà pé bí ìjà bá wà lórí pípín náà, olórí ẹbí ní agbára láti ní kí a lo orí-ò-jorí. Agbára ìlàjà ni òfin gbé fún olórí ẹbí níbẹ̀. Èmi kò gbà pé olórí ẹbí tó bá rí i pé ìdí-igi yóò tú ilé ká, tó sì ń wí pé bẹ́ẹ̀ ni àṣà wa, ti ṣe iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́.

Ta ni olórí ẹbí? Àwọn kan nínú wa ṣì ń rò pé ọkùnrin nìkan ni. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Mabìnúorí kú ní Èkó ní ọdún 1874, ó fi agbo ilé àti ọmọ méjìlá sílẹ̀. Ẹjọ́ tó ti inú rẹ̀ jáde, Lewis àti Bankole, ni wọ́n dá ní ọdún 1908, ilé-ẹjọ́ sì wí pé bí àrẹ̀mọ bá ti kú, ọmọ tó dàgbà jù nínú àwọn tó kù ni olórí ẹbí, ì báà ṣe ọkùnrin, ì báà ṣe obìnrin. Ní ọdún 1924, nínú ẹjọ́ Lopez àti Lopez, ilé-ẹjọ́ tún sọ ọ́ gbangba pé ẹ̀tọ́ ọmọbìnrin lórí ilẹ̀ ẹbí Yorùbá kò kéré sí ti ọmọkùnrin. Nígbà tí Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ fagi lé àṣà tí kì í jẹ́ kí ọmọbìnrin jogún bàbá rẹ̀ ní ilẹ̀ Ìgbò, ní oṣù Kẹrin ọdún 2014, nínú ẹjọ́ Ukeje, ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin ti tó àádọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n ti dá a ní Èkó. Mo mẹ́nu bà á nítorí pé nínú ẹbí tó ti pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ, ọmọbìnrin àgbà ni ó sábà máa ń ṣì ní nọ́ńbà fóònù gbogbo ènìyàn. Òun ni ó ń lọ sí ìkómọ níbí, tó ń lọ sí ìsìnkú lọ́hùn-ún. Bí a bá gbé e sẹ́yìn nígbà tí ọ̀rọ̀ ogún dé, a ti ju afárá tó kù sínú odò nìyẹn.

Ìbéèrè kan wà tí àwọn ará Orozo máa ń bi mí: bí Yorùbá bá kú sí Àbújá, àṣà ta ni a ó fi pín ilé rẹ̀? Òfin ilẹ̀ ọdún 1978 dáhùn ní abala kẹrìnlélógún. Bí ilẹ̀ bá ní ìwé àṣẹ ìjọba tí a ń pè ní C of O, àṣà ìbílẹ̀ ẹni tó kú ni yóò darí pípín rẹ̀, àfi bí òfin mìíràn bá dé bá a. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀tọ́ àbáláyé ni ó ní lórí ilẹ̀ náà, àṣà ibi tí ilẹ̀ wà ni. Kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1945, nínú ẹjọ́ Tapa àti Kuka, Nupe ọmọ Bídà kan kú sí Èkó, ó ní ilé níbẹ̀, ilé-ẹjọ́ sì wí pé òfin Mùsùlùmí tí wọ́n ń lò ní Bídà ni kí wọ́n fi pín in. Àwa náà wà ní ipò ọmọ Bídà yẹn ní Orozo. Ẹjọ́ Olówu àti Olówu ti ọdún 1985 wá fi apá kejì hàn: bàbá tí a bí ní Ìjẹ̀ṣà, tó gbé ìgbésí ayé rẹ̀ ní ìlú Benin, tó sì ti gba ọmọ-ìlú lọ́dọ̀ Ọba Benin. Nígbà tó kú, àwọn ọmọ kan fẹ́ àṣà Yorùbá, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ sì ní àṣà Benin ni, nítorí ibẹ̀ ni ó fi ara rẹ̀ sí. Ẹ̀yin tó jẹ́ Mùsùlùmí ní ìlànà tiyín nínú Súratu Nísáì, ilé-ẹjọ́ Ṣàríà sì wà ní Àbújá. Ẹ̀yin tó ṣe ìgbéyàwó ní kóòtù tún ní òfin tó kan ìyàwó àti ọmọ. Kí olúkúlùkù tètè mọ èyí tó kan òun, nítorí pé ẹni tí kò mọ̀ ni ó ń fi ohùn òkè sọ̀rọ̀ jù ní ìpàdé ẹbí.

Ẹ jẹ́ kí a wá ro ìdílé kan báyìí. Àpẹẹrẹ ni, ẹ má ṣe wá a kiri àdúgbò. Bàbá jẹ́ ọmọ Ṣakí. Ìyáálé wà ní Ṣakí pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta. Ìyàwó kejì wà ní Orozo pẹ̀lú ọmọ méjì. Ọmọbìnrin kan tún wà ní Ìlọrin tí bàbá bí kí ó tó fẹ́ ẹnikẹ́ni, ìyá rẹ̀ nìkan ni ó tọ́ ọ. Bàbá kú, wọ́n sin ín, wọ́n ṣe fídáù, gbogbo wọn sì jókòó sí pálọ̀ Orozo. Ẹ̀gbọ́n bàbá tó wá láti ilé fẹ́ kí wọ́n yára, ó ní ọkọ̀ aago méjì ni òun yóò bá lọ. Ó ní: ẹ̀yin mẹ́ta ẹ gba ilé, ẹ̀yin méjì ẹ gba ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ti parí.

Àwọn ọmọ Ṣakí kò sọ̀rọ̀. Àgbà wọn, obìnrin, wá ní: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó pín in, mo ní ìbéèrè. Ọdún tí mo kúrò níléèwé, tí wọ́n ní kò sí owó, ta ló jẹ owó yẹn?" Ọmọkùnrin Orozo, tó kéré sí i ní ọdún mẹ́wàá, dá a lóhùn: "Àǹtí, àwa náà rò pé ẹ̀yin ni. Bí a bá béèrè owó, bàbá á ní òun ti fi ránṣẹ́ sí Ṣakí." Gbogbo ilé dákẹ́. Wọ́n ti fi ogún ọdún kórìíra ara wọn nítorí owó tí kò dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ìyá Orozo wá wọlé lọ mú ìwé ìṣirò jáde, èyí tí bàbá ń kọ iye búlọ́ọ̀kù àti owó bíríkìlà sí, ọdún àti oṣù rẹ̀ sì wà níbẹ̀. Àǹtí wo ọdún tirẹ̀. Páànù òrùlé ni wọ́n rà ní oṣù yẹn.

Mo ní kí ẹ fojú inú wò ó nítorí pé ibẹ̀ ni ìwòsàn ti ń bẹ̀rẹ̀. Bàbá kò burú. Ó fẹ́ kí àwọn ọmọ ní ibi tí wọn yóò fi orí pamọ́ sí ní ìlú tí owó ilé ti ń jẹ ènìyàn lójú. Ohun tó ṣe tí kò dára ni pé ó fi ìyá kan bojú fún èkejì. Àwọn ọmọ kò lè mọ èyí láìjẹ́ pé wọ́n jókòó pọ̀ nínú yàrá kan ṣoṣo, ìwé náà láàárín wọn. Ogún ni ó mú wọn jókòó. Kò sí ìsìnkú, kò sí ìgbéyàwó tó ní agbára yẹn, torí níbi àríyá a lè kí ara wa lókèèrè kí a sì gba ilé lọ.

Òfin náà tún ń ti ẹ̀yìn mú wọn jókòó. Owó tó wà ní báńkì lórúkọ bàbá kò ní jáde láìsí ìwé àṣẹ ìṣàkóso ogún láti Ilé-Ẹjọ́ Gíga. Ilé-ẹjọ́ yóò béèrè ẹ̀rí ikú, orúkọ àwọn ọmọ, àkójọ ohun ìní àti àwọn onídùúró. Wọn yóò sì kéde rẹ̀ kí ẹni tó bá ní àtakò lè jáde. Bí wọ́n bá fi orúkọ ọmọ Ìlọrin pamọ́, àtakò rẹ̀ lè dá gbogbo rẹ̀ dúró. Kí ẹnikẹ́ni má sì pe ọmọ yẹn ní orúkọ burúkú: abala 42 ìwé òfin Nàìjíríà ọdún 1999 kò gbà kí wọ́n fi ohunkóhun du ọmọ Nàìjíríà nítorí irú ìbí tí a bí i. Mo ti rí i pé ọjọ́ tí wọ́n bá kọ orúkọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé pẹ̀lú ti àwọn yòókù, ọ̀pọ̀ wọn kì í tún bìkítà iye tó kàn wọ́n mọ́. Orúkọ yẹn ni wọ́n wá gbà.

Iṣẹ́ mìíràn tún wà tó jẹ́ ti Orozo gan-an. Ọ̀pọ̀ ìwé ilẹ̀ tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì àwọn bàbá wa ni ìwé tí ìjọba ìbílẹ̀ fún wọn, tí a ṣì ní láti mú lọ bá ìjọba Àbújá kí a tó lè rí C of O gbà. Ó ń gba owó, ó ń gba àkókò, ó ń gba pé kí ẹnìkan máa lọ máa bọ̀. Ẹni tó wà ní Orozo ni yóò máa lọ, ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ni yóò fi owó ránṣẹ́, ẹni tó wà ní Ṣakí ni yóò wá ìwé àtijọ́. Iṣẹ́ àjọṣe báyìí ni ó máa ń dá ìfọkàntán padà sáàárín ọbàkan, ju àdúrà ìlàjà tí a gbà lọ́jọ́ kan lọ. Ẹni tí ẹ ti jọ dúró lórí ìlà nítorí ìwé, tó ti fi rísíìtì ránṣẹ́ sí ọ ní gbogbo ìgbà tó ná owó, ó ṣòro kí o tún gbà pé olè ni.

Bí ẹbí kò bá lè dá a ṣe, ibì kan wà tí kì í ṣe ìjà. Láti ọdún 2002 ni Èkó ti dá ilé-ẹjọ́ onílẹ̀kùn púpọ̀ sílẹ̀, Àbújá sì ní tirẹ̀ láti ọdún 2003. Olùlàjà tí kò bá ẹnikẹ́ni tan yóò jókòó láàárín yín. Ohun tí ẹ bá sọ níbẹ̀ kò ní di ẹ̀rí tí wọn yóò fi mú yín nílé ẹjọ́ lọ́la. Bí ẹ bá gbà, ẹ ó fọwọ́ sí i, ilé-ẹjọ́ sì lè sọ ọ́ di ìdájọ́. Mo fẹ́ràn rẹ̀ fún ìdí kan ṣoṣo: adájọ́ kò ní jẹ́ kí Àǹtí Ṣakí béèrè owó ilé-ìwé ọdún wọ̀nyẹn, yóò ní kò kan ẹjọ́ tó wà níwájú òun. Olùlàjà yóò jẹ́ kí ó béèrè.

Ẹ má ṣe gbọ́ mi bí ẹni tó ń wí pé kí a máa fi ìlàjà bo ìwà ìkà mọ́lẹ̀. Bí ẹnìkan bá ti ta apá kan ilẹ̀ ẹbí ní ìkọ̀kọ̀, kí ó kọ́kọ́ kó owó rẹ̀ wá kí ó tó ní kí a gbàgbé. Ilé-ẹjọ́ ti sọ ọ́ láti ọdún 1959, nínú ẹjọ́ Ekpendu àti Erika, pé bí ọmọ ẹbí bá ta ilẹ̀ ẹbí láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, kò sí títà. Bí olórí bá sì tà á láìsọ fún àwọn àgbà ẹbí, wọ́n lè fagi lé e. Ẹni tí wọ́n lù tàbí tí wọ́n bà jẹ́ nígbà èwe rẹ̀ nínú ilé yẹn náà ní ẹ̀tọ́ láti gba ìpín rẹ̀ láì jókòó ti ẹni tó ṣe é. Kí ẹ má fi túláàsì mú un.

Opó wá ńkọ́? Níbí ni mo ti ń bá àṣà wa jà. Láti ọdún 1929, nínú ẹjọ́ Sogunro-Davies, ni ilé-ẹjọ́ ti sọ pé ní àṣà Yorùbá, ìyàwó kì í jogún ọkọ, torí pé inú ẹ̀jẹ̀ ni ogún ń gbà. Obìnrin tó ru omi tí wọ́n fi po kọnkéré ilé Orozo, tó sùn nínú rẹ̀ kí ó tó ní fèrèsé, ojú àwọn ọmọ ni ó ń wò. Ní Àbújá, òfin tó ka ìwà ipá léèwọ̀, tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2015, sọ lílé ènìyàn jáde nílé pẹ̀lú ipá àti fífi ìyà jẹ opó di ẹ̀ṣẹ̀ tí a lè tìtorí rẹ̀ ṣẹ̀wọ̀n. Ẹni tó bá ń lé opó jáde ní Orozo, ìjọba ni ó ń bá ṣe ẹjọ́. Mo sì tún fẹ́ kí àwọn ọmọ ìyáálé mọ̀ pé ohun tí wọ́n bá ṣe sí ìyàwó kejì ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni àwọn àbúrò wọn yóò fi mọ̀ bóyá àwọn lè fọkàn tán wọn.

Ṣé ó yẹ kí a pín gbogbo rẹ̀ tán? Èrò mi ni pé kí a fi ohun kan sílẹ̀ láìpín. Láti ọdún 1932, nínú ẹjọ́ Thomas àti Thomas, ni ilé-ẹjọ́ ti to ẹ̀tọ́ ọmọ ẹbí lórí ilé ẹbí: kí ó lè gbé inú rẹ̀, kí ó lè wọlé kí ó lè jáde, kí ó ní ohùn lórí bí wọ́n ṣe ń ṣàkóso rẹ̀, kí ó sì gba ìpín nínú owó tó bá ṣẹ́kù. Nínú ìdílé Ṣakí tí mo fi ṣe àpẹẹrẹ, wọ́n lè pín ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́, kí wọ́n sì fi ilé yàrá mẹ́jọ sílẹ̀ fún gbogbo wọn. Ìyá Orozo yóò gba yàrá méjì títí ayé. Ẹni mẹ́ta ni yóò máa fọwọ́ sí àkáùntì owó ilé, ọ̀kan láti ìdí ìyá kọ̀ọ̀kan, wọn yóò sì fi ìṣirò ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹbí lóṣooṣù, bí ó ti wù kí owó náà kéré. Owó ilé ọdún àkọ́kọ́, kí wọ́n fi rán ọmọ Àǹtí níléèwé. Àjọjẹ kò dùn bí ẹnìkan kò bá ní. Wọ́n á máa rí ara wọn nítorí owó ilé, lẹ́yìn ọdún méjì wọ́n á máa rí ara wọn nítorí pé wọ́n ti mọ ọmọ ara wọn.

Ẹ̀yin bàbá tí ẹ ṣì wà láyé, tí ẹ ń gbọ́ mi báyìí, iṣẹ́ tó rọrùn jù wà lọ́wọ́ yín, ó rọrùn ju èyí tí ẹ ó fi sílẹ̀ fún àwọn ọmọ lọ. Ẹ pe gbogbo wọn, ti ìyá gbogbo, títí kan èyí tí ìyàwó ilé kò tíì mọ̀. Ẹ fi ìwé ilẹ̀ hàn wọ́n. Ẹ sọ fún olúkúlùkù ohun tí ẹ fi dù ú nígbà tí ẹ ń kọ́ ilé, ẹ sì bẹ̀ ẹ́. Ẹ kọ ìwé ìhágún, kí ẹlẹ́rìí méjì fọwọ́ sí i, kí ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ lọ́yà. Bí ẹ kò bá mọ ẹni tí ẹ ó bá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ẹ fi fóònù pe ọmọ tí ẹ ti pẹ́ jù láti bá sọ̀rọ̀, kí ẹ tó sùn lálẹ́ òní.